Òkúta Tó Ń Yà Wálé

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó dé abúlé wa lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, kí ó béèrè ilé Mùsílímátù, kí ó wo ẹnu ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Mùsílímátù lóyún Kifayah ni ọkọ rẹ̀, Sàníù, jáde lọ sóko, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Wọ́n wá a wá a, ó sú wọn. Ni àwọn ẹbí bá ṣe àdúà fídáù fún un láìrí òkú, wọ́n sì fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàárà. Mùsílímátù kò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló bi ìyàwó? Búútà àlùwàlá rẹ̀ nìkan ló rí gbà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń pọn omi sí i, bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà nílé.

Lọ́dún yìí, Kifayah dé láti Ajíbọ́dé, níbi tó ti ń kàwé.

"Mọ́mì, òkúta ńlá kan ń kọjá lójú ọ̀run. Ọdún tí ẹ lóyún mi ló kọjá kẹ́yìn."

"Níbo ló wà látìgbà náà?"

"Ó lọ jìnnà réré. Ó dà bí ẹni tó ń gbé oko egàn, tó kàn ń yà wálé."

Mùsílímátù dìde. Ó lọ pọn omi sí búútà, ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe pe ìrun mọ̀gàríbì tán, gbogbo abúlé dákẹ́. Ewúrẹ́ kò ké. Omi ń dà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó tún dà.

"Mùsílí."

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wọlé," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà mọ́."

"Aṣọ mi dà?"

Omijé dà lójú Mùsílímátù.

"Wọ́n ti pín in."

Ìró ẹsẹ̀ yí padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Kifayah tan tọ́ọ̀ṣì. Búútà ti gbẹ. Ojú ẹsẹ̀ tútù ló kọjú sí ọ̀nà oko.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí kò ní ọmọńdinrín."

"Àdá ló gé e. N ò sọ fún ẹ rí."

Lọ́jọ́ ọjà, Mùsílímátù ra aṣọ, ó ní kí wọ́n rán bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin. Ó kó o lé Kifayah lọ́wọ́.

"Bí ó bá tún yà, tí mi ò sí ńlẹ̀, bá mi fún un. Má jẹ́ kí wọ́n fi èyí ṣe sàárà."

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ilẹ̀ ti gbẹ. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ṣì tutù.