Ohùn Tó Fẹ́ Gbéra

"Mo fẹ́ gbéra o," ni rédíò wí.

Obìnrin tó ń ṣọ́ rédíò ní pápá bàálù kékeré náà yọjú lójú fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí ọ̀dà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀. Kò sí bàálù kankan níta. Méjì péré tí wọ́n ní wà nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ó mọ ohùn náà. Ohùn àbúrò rẹ̀ ni, ó sì ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti sin ín.

Gbogbo ẹni tó ń wa bàálù ló mọ òfin: bó o bá fẹ́ gba orí pápá kékeré kọjá, wà lókè réré, kó o sì kí àwọn ará ilẹ̀ lórí rédíò, torí ẹnì kan lè máa gòkè bọ̀ lábẹ́ rẹ. Alága, olówó tó ń fi bàálù tirẹ̀ najú, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí àbúrò obìnrin náà kú. Ó fò rẹlẹ̀ gba orí pápá bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra yà fún un, ó sì forí sọlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí dá òkú lẹ́bi, wọ́n bọ alààyè lọ́wọ́. Alága gbá obìnrin náà léjìká: "Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámú. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í wòkè."

Rédíò tún dún. Alága ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilẹ̀. Mo fẹ́ gba orí yín kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kankan ń gòkè bọ̀?"

Kí ó tó fèsì, ohùn àbúrò rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àǹtí mi, ẹ ní kò sẹ́ni."

Bó bá ní kí ọkùnrin náà gba ibòmíì, ó ti gbà á là nìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, Alága. Ẹ máa bọ̀."

Irọ́ kọ́ ló pa.

Bàálù funfun náà yọ, ó ga dáadáa. Nígbà tó dé àárín pápá, ó yà fìrì, bí ẹni ń yẹ nǹkan tí ojú kò rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì wálẹ̀. Ó já lu pápá, gíláàsì fèrèsé sì gbọ̀n.

Obìnrin náà jókòó, ó ń retí kí inú rẹ̀ dùn.

"Àǹtí mi." Ẹ̀rù wà nínú ohùn àbúrò rẹ̀ wàyí. "Ọmọdébìnrin kan ló wá bá mi o. Ó ń bèèrè bàbá ẹ̀, mi ò sì rí bàbá kankan níbí."

Níta, nínú èéfín, Alága ń pariwo pe orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀.