Rímù Tí Kò Lẹ́yìn

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣojú mi kòró.

Èmi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń fọ mọ́tò. Òun ló sọ mí ní Aláròyé, nítorí ẹnu mi kì í sinmi. Àpá iná kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìkòkò omi gbígbóná fẹ́ dà lé mi lórí. Ọwọ́ lásán ló fi gbá a mú. Bí mo bá ti rí àpá yẹn, mo máa ń mọ̀ pé mo lẹ́nìkan láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ọkùnrin kan gbé mọ́tò dúdú wá. "Ẹ bá mi fọ rímù táyà yìí," ló wí, ó sì rìn lọ. Rímù náà rí wínníwínní bí ajọ̀, ihò nínú ihò, irin tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra wọn. Eruku dúdú bíréèkì ti dì sí gbogbo inú rẹ̀.

A tẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò wọlé rárá. Ti ìfọyín wọlé, kò dé ìsàlẹ̀. Mo mú èyí tó gùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ, mo tì í wọlé. Ó wọlé tán pátá. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í fọ iwájú rímù láì wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí búrọ́ọ̀ṣì má baà há mọ́ bíréèkì. Mo fàyà lélẹ̀, mo yọjú sábẹ́ mọ́tò. Ibi tó yẹ kí orí búrọ́ọ̀ṣì wà, òfìfo ni.

"Ẹ̀gbọ́n, búrọ́ọ̀ṣì yìí ò yọ lẹ́yìn o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Aláròyé! Bí mọ́tò bá ń mu ọ̀rọ̀ bí epo, tìẹ ì bá ti yí ayé ká."

Mo fa búrọ́ọ̀ṣì jáde. Kò ku irun kan lórí rẹ̀. Igi rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó ju ọwọ́ lọ," ló wí. Ó we àkísà mọ́ ìka, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò tí kò gba ìka méjì tẹ́lẹ̀. Ihò náà gbà á dé ìgbọ̀nwọ́.

Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́: ṣìrì, ṣìrì, bí ẹni ń nu nǹkan. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀gbọ́n mi kò mira.

"Ṣé ẹ̀ ń nù ún ni?"

"Rárá." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹnìkan ló ń nu ọwọ́ mi."

Yéè! Mo dì mọ́ ọn níbàdí, mo fà á, mo ké. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìgbà tó wu ohun tó dì í mú ló tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ náà mọ́. Àpá iná ti lọ. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà: kò sí ilà kankan níbẹ̀, ó ń dán bí àwo. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ bá mi wá ẹni tó pa á rẹ́.

"Àpá yín dà?"

"Àpá wo?"

"Ti omi gbígbóná. Èyí tí ẹ fi gbà mí là."

"Mi ò rántí omi kankan."

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mọ́tò ti lọ. A ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

Láti ọjọ́ yẹn, mímọ́ náà ń gùn ún lọ. Ó ti kọjá ìgbọ̀nwọ́, ó ti dé èjìká. Mo ti fi èédú kùn ún, èédú kò dúró lára rẹ̀. Dókítà ní ara rẹ̀ le koko. Kí ni mo lè ṣe? Mo kàn ń wò ó ni. Bí mo bá fetí lé àyà rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ: ṣìrì, ṣìrì.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a níbi iṣẹ́, ó ń to búrọ́ọ̀ṣì. Ó rí mi, ó dìde, ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ fọ̀?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó ń dán mú. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni, Aláròyé yín."