Àmì Àtàǹpàkò Lára Ṣílè Ọlọ́pẹ

Ìtàn tí wọ́n ń sọ káàkiri láti Ìkòtún dé Ìgàndò ni pé olóògbé Wòsílátù tọwọ́ bọ inú ike tí wọ́n ti lẹ̀ pa, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ṣílè rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin má bàa tà á. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé ọmọ náà, Mọ́ṣúdù, sá jáde láì wọ bàtà, kò sì dúró títí ó fi dé Ìyànà Ìpájà. Mo wà nínú yàrá tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ Mọ́ṣúdù nígbà tó ń lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi kí ó tó jáde. Èyí nìkan tó láti mú kí ènìyàn fura sí ìyókù ìtàn náà.

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo mọ ohun tí fàdákà máa ń ṣe, mo sì mọ ohun tí kì í ṣe. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo ń sọ.

Naomi ló háyà ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé mi ní Ẹgbẹ́dá. Onífọ́tò ni, ṣùgbọ́n kì í ya ìyàwó, kì í sì í ya ọmọ tuntun. Ohun kékeré nìkan ló ń yà: òrùka, aago ọwọ́, àti owó àtijọ́ tí àwọn kan ń kó jọ bí ohun iyebíye. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo bi í léèrè ohun tó wà lára owó fàdákà tí fóònù kò lè yà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi fóònù yín ya òrùka ọwọ́ yín, ká jọ wò ó."

Mo yà á. Fáànù òkè àjà àti iwájú orí ara mi ni mo rí.

"Iwájú orí yín lẹ fẹ́ tà fún oníbàárà o, Màmá," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wù mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Aṣọ dúdú ló fi ń bo kámẹ́rà, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yọ síta, kí òjìji ohunkóhun má bàa hàn lára ike tí owó wà nínú rẹ̀. Kì í kọjú iná sí owó náà tààrà. Á sún iná díẹ̀, á wò ó, á tún sún un, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa yí ojú fàdákà náà po bí epo ṣe ń yí nínú àwo. Ike tó máa ń gba gbogbo ojú ènìyàn á wá dàbí ẹni pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ owó wò lókè òkun máa ń fún un ní máàkì, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ pa sínú ike kí ọwọ́ má bàa kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n owó méjì lè gba máàkì kan náà kí ọ̀kan rẹwà, kí èkejì sì ṣú. Fọ́tò nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ náà han ẹni tó wà ní ìlú mìíràn tó fẹ́ rà á. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó méjì tí ibi tó ha lára wọn dọ́gba. Bí owó bá sọnù, fọ́tò tó dára ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Naomi kì í fi kọ̀ǹpútà pa ibi tó ha kankan rẹ́. Mo ti ka iṣẹ́ ìwádìí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kò bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni Mọ́ṣúdù kọ́kọ́ gbé ṣílè náà wá. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Ìgàndò. Ṣílè fàdákà ayé àwọn òyìnbó ni, orí ọba wà ní ojú kan, igi ọ̀pẹ wà ní ojú kejì. Wòsílátù ìyá rẹ̀ ló jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Àwọn ìyàwó yòókù nínú agbo ilé náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìsọmọlórúkọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó tiwọn kí ó lè dán. Bí wọ́n ṣe bó awọ ara rẹ̀ dànù nìyẹn. Wòsílátù kò fọ tirẹ̀ rí. Inú òwú tó ní káńfọ̀ ló ń fi í sí, kò sì bìkítà bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó rẹ̀ dọ̀tí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Mọ́ṣúdù fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Máàkì ńlá ni wọ́n fún un, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa.

Mo dúró pẹ́ níwájú fọ́tò tí Naomi yà lọ́jọ́ náà. Gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ ló hàn kedere. Ojú fàdákà tó yí igi náà ká mọ́ bí omi àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bù. Fọ́tò yẹn nìkan ni ọkùnrin kan rí lókè òkun tó fi ní òun yóò rà á. Ṣùgbọ́n kí ó tó sanwó, ó ní kí wọ́n tún un yà, kí òun lè mọ̀ pé ó ṣì wà bó ṣe wà.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà náà. Mọ́ṣúdù gbé ṣílè náà padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ Ṣàkírát sì tẹ̀ lé e. Ṣàkírát ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Dọ̀pẹ̀mú. Ó ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun rí owó náà kí ó tó lọ.

"Ojú lo máa fi wò ó o," Mọ́ṣúdù sọ fún un.

Ṣàkírát rẹ ohùn sílẹ̀, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi ni Ìyá fún, Màmá. Orí ẹní tí wọ́n kú sí ni wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́, kí Ẹ̀gbọ́n tó kó o mọ́ ẹrù wọn. Kò sí nǹkan wọn kankan lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀."

"Ẹ má dá a lóhùn jàre," Mọ́ṣúdù wí. "Ṣàkírát ò fọwọ́ kan owó yìí rí láyé ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi hàn mí pé ó fọwọ́ kàn án, kó máa gbé e lọ."

Naomi tẹ́ ṣílè náà sí ibi tó tẹ́ ẹ sí tẹ́lẹ̀, ó tan iná kan náà. Òórùn káńfọ̀ kan gba yàrá. N kò kà á sí, nítorí kò sí àpótí aṣọ kan ní Alímọ̀ṣọ́ tí káńfọ̀ kò sí. Naomi yà á, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó nu ojú kámẹ́rà, ó tún un yà.

"Màmá," ló pè mí jẹ́jẹ́, "ẹ wá wo nǹkan."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀pẹ náà, àmì àtàǹpàkò kan ti hàn, ó pọ́n díẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀ yí po. Ìlà kan dábùú wọn lágbedeméjì, tínrín, ó gún régé. Naomi gbé fọ́tò ìgbà ọyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ibi tó ha ló bára mu, owó kan náà ni. Ṣùgbọ́n níbi tí àmì wà nínú èyí, kò sí nǹkan kan nínú tìgbà ọyẹ́.

"O ti ṣí i," Mọ́ṣúdù wí.

"Ẹ yẹ ike ẹ̀ wò, Ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti là á, ẹ máa gbé kámẹ́rà mi lọ."

Mọ́ṣúdù yí ike náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí ibi tó là. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Ìyá mi ni," ló wí. Gbólóhùn yìí ló bí ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìkòtún.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìyá rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan fàdákà, òróró àti iyọ̀ ara máa ń kù sí i lára. Ojú lè má rí i fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bá a ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n, kódà nínú ike. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ti fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní kí Ṣàkírát na àtàǹpàkò rẹ̀. Naomi yà á, ó yí fọ́tò náà padà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ṣílè. Ìlà bá ìlà mu. Àpá tó dábùú àtàǹpàkò Ṣàkírát náà bá ìlà tínrín yẹn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

 Mọ́ṣúdù gbé ike náà lé àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Màá sọ fún oníbàárà pé ó ti lólúwa," ló wí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì jáde.

Inú mi dùn. Láìsí iṣẹ́ Naomi, kò sẹ́ni tí ì bá rí àmì náà, fóònù kì bá sì rí i láéláé. Ohun tí ìyá Ṣàkírát fẹ́ ti ṣẹ, kò sì sí òkú kankan nínú rẹ̀.

Naomi tẹ fọ́tò méjèèjì jáde fún Ṣàkírát, ó fi ta á lọ́rẹ. Bí Ṣàkírát ti ń fi àtàǹpàkò náà ra wọ́n lójú, mo bi í, kí ọ̀rọ̀ má bàa tán lásán, ohun tó gé e lọ́wọ́.

"Ẹnu agolo mílíìkì ni, Màmá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, nínú ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá yìí."

Mo tún bi í. Ohun kan náà ló sọ, ó sì fi kún un pé òun kò ní àpá kankan níbẹ̀ rí ṣáájú. Ọyẹ́ ti lọ kí ààwẹ̀ yẹn tó dé. Nígbà tí agolo náà gé e, ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, ṣílè náà sì ti wà nínú ike.