Ìṣísẹ̀ Ẹni Méjì

Orí ìwọ̀n ni Slavka ti kọ́kọ́ rí Cveto, níbi tó ti ń bá nọ́ọ̀sì fa ọ̀rọ̀ nítorí fìlà.

“Fìlà yìí wúwo, nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi yọ ìdajì kílò kúrò.”

“Ẹ kúkú ṣí i, bàbá.”

“Kí òtútù wá mú mi lórí? Ṣé ìyẹn náà wà nínú ìtọ́jú yín?”

Slavka tò sẹ́yìn rẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn lójú èèyàn. Ọkùnrin náà yíjú pa dà, ó wò ó, ó sì ṣí fìlà fún un bí ẹni ń kí ayaba.

Àwọn méjìlá ni dókítà kó jọ sí ilé ìlera ìlú kékeré náà, létí odò Krka, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àtọ̀gbẹ ti wọ ara àwọn kan bíi Cveto. Ó ṣì ń kanlẹ̀kùn lára àwọn míì bíi Slavka. Nọ́ọ̀sì Darinka kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa jẹun níwọ̀n. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré egbò ẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ó fún oníkálùkù ní ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀, ó wá ń ro ìṣísẹ̀ gbogbo wọn pọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ tó fi kọ́ ògiri. Wọ́n fẹ́ rin ìrìn àjò mímọ́ dé Compostela, ní Sípéènì, láìkúrò nílùú. Lẹ́yìn náà ló so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, kí ẹnì kan máa bójú tó ẹnìkejì. Cveto bọ́ sọ́wọ́ Slavka.

“N ò mọ̀ bóyá oríire ni àbí ìyà,” Cveto wí. “Ẹ̀yin lẹ fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Fìlà yín ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin alára ò tíì pa mí lẹ́rìn-ín.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rìn létí odò. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì nílé ìlàgi, oyin ló ń sìn báyìí. Slavka ti fi ọgbọ̀n ọdún ránṣọ ní ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan Cveto dúró lórí afárá. “Jọ̀ọ́, má pè mí ní ‘ẹ̀yin’ mọ́. ‘Ìwọ’ ni kó o máa pè mí.” Ó gba Slavka ní odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ahọ́n rẹ̀ tó gbà. Ìfẹ́ ni, ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó ti lò láyé.

Polona, ọmọbìnrin Cveto, olùkọ́, ló ń gbé òkè ilé bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń kó bàbá mi káàkiri nínú òtútù yìí?” Àmọ́ nígbà tó yá, ó bá Slavka lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ìgò oyin kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Bàbá mi ti ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Ní ìparí oṣù kọkànlá, Cveto jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí odò, kò sì dìde mọ́.

“Slavka mi, bàtà tuntun yìí ti bó mi lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Bá mi gbé ẹ̀rọ mi rìn fún ọjọ́ méjì.”

“Fi ẹsẹ̀ náà han Darinka.”

“Kó lè ní kí n lọ jókòó sílé? Ó máa fún ẹ ní ẹnìkejì míì ni. Ó máa fà ẹ́ lé Drago lọ́wọ́, tí kì í sọ̀rọ̀ míì ju ti ìfun ẹ̀ lọ.”

Slavka mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe àánú ló dí i lẹ́nu. Kò fẹ́ Drago ni. Kò fẹ́ ẹnikẹ́ni míì. Ó nawọ́, ó gba ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́ méjì di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Slavka nìkan ló ń rìn létí odò, ẹ̀rọ méjì nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bó bá rìn tán, á yà kí Cveto, wọ́n á jọ mu tíì. Bó bá bi í léèrè egbò, á ní, “Ó ti ń jinná.” Slavka á tètè gbà á gbọ́, torí pé ó wù ú láti gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Darinka á máa yìn wọ́n: “Ẹ wo Bàbá Cveto, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lójúmọ́.” Wọ́n á pàtẹ́wọ́, Cveto á máa wo ilẹ̀, ara á máa ta Slavka lórí ìjókòó rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Slavka ò jìnnà tó yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, Polona pè é láti ọsibítù. Ibà ti gbé Cveto dè, ẹsẹ̀ ti dúdú. Kí Slavka tó débẹ̀, wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Polona dì mọ́ ọn.

“Ẹ má sunkún. Ẹ̀yin gbìyànjú, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo rí i tó ń tiro, mo fẹ́ fipá mú un lọ bá dókítà. Ni mo bá wo ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣísẹ̀ ẹ̀ sí. Mo ní ẹni tó ń rin ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lójúmọ́, kí ló lè ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀?”

Bí Slavka bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọmọ yìí á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, á sì máa pe òun ní ìyá. Ó rò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan fi ti ibùsùn kọjá.

“Polona, èmi ni mo rìn ín.”

“Kí lẹ rìn?”

“Ìṣísẹ̀ bàbá ẹ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀.”

Apá Polona bọ́ lára rẹ̀. “Ẹ máa lọ sílé,” ló wí, kò tiẹ̀ pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Slavka dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó jẹ́wọ́. Darinka yọ ìṣísẹ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kúrò nínú ìṣirò.

“A ti wọ Sípéènì tán o,” Drago kùn. “Ṣé ilẹ̀ Faransé la tún ń pa dà sí ni?”

“Ibẹ̀ la wà,” Darinka wí. Kò wo Slavka. Ó fa abẹ́rẹ́ tó fi ń sàmì ibi tí wọ́n rìn dé yọ lára àwòrán ilẹ̀, ó gún un sẹ́yìn.

Slavka ò rìn mọ́ létí odò. Fóònù ń dún, orúkọ Cveto ni, kò gbé e. Ojú ń tì í débi pé bó bá ń wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á yíjú kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta, Polona kanlẹ̀kùn.

“Inú ṣì ń bí mi sí yín,” ló fi kíni. “Àmọ́ bàbá mi náà parọ́ fún mi, abẹ́ òrùlé kan náà la sì ń gbé. Kì í jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ yẹn. Ó ń dá dì í fúnra ẹ̀. Ẹ wá bá a sọ̀rọ̀.”

Cveto wà ní ilé ìdáná, ó ti rù. Slavka dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́,” Cveto wí. “Kí lo ń fìyà jẹ ara ẹ fún?”

“Kì í ṣe torí pé o bẹ̀ mí ni mo ṣe gbà. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí wọ́n má gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi. Torí ìyẹn ni mo fi jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ máa jẹrà.”

Cveto nawọ́ sí i. “Ẹ̀rù kan náà ló bà mí tí mo fi bẹ̀ ẹ́. Olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi.”

Slavka wọlé, ó fa àga kan jókòó síwájú rẹ̀. “Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ ná.”

Ojú ti Cveto. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé Slavka nítan. Slavka wo ọmọ ìka mẹ́ta tó kù, ó wo ojú ọgbẹ́ tó pọ́n, ó sunkún lé e lórí.

“Màá fẹ́ ẹ,” ló wí. “Àmọ́ láràárọ̀ ni mo máa máa wò ó, títí tí ọ̀kan nínú wa á fi kú.”

Oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngán ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tòun taṣọ ìyàwó, Slavka kúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó ń ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo àárín wọn. Polona bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi fóònù tanná sí i.

“Kò sí nǹkan kan,” Slavka wí.

“Ẹ tún un wò,” Polona wí.

Slavka ò bínú. Ó tún un wò.