Ta Ni Agnes?

"Agnes! Agnes ni o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òkúta Stephen ti fò kọjá agolo mílíìkì orí kùkùté, ó ti wọgbó lọ. Bí a ṣe ń pè é ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Tí agolo bá ṣubú, a á ní ó ti sùn. Tí òkúta bá kọjá lọ sẹ́yìn, Agnes ni. Bàbá mi àgbà ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá láti Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ nígbà èwe wọn. Tí mo bá bi wọ́n pé ta ni Agnes, wọn á kàn ní, "Ìbídùnní, ṣáà máa pè é."

Àwọn náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi rọ́bà ìtapẹyẹ ta agolo. Òfin kan péré ni wọ́n fún wa: ẹni tó fẹ́ ta á kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Kò gbọ́dọ̀ ta títí ẹni tó ń ṣa agolo tó bọ́ sínú igbó á fi jáde, tí á dáhùn pé, "Ẹ̀yìn mọ́!"

Màríámù ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣa agolo fún mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ha, ọmọ yẹn mọ aṣọ rán! Òun ló rán yẹ̀rì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi àti Stephen jọ ta ọ̀mì ni, ó wá ku òkúta kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ ti di Agnes. Bí tèmi bá ti lè ba agolo, á panu mọ́.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?" mo pariwo.

Kò sí ìdáhùn. Màríámù ṣì wà nínú igbó, ó ń wá agolo kan tó ti yí lọ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà á!" Stephen ní. "Ẹ jẹ́ ká dúró de Àlàájà Màríámù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojo!"

Àwọn tó kù fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Èmi, ọmọ ọmọ ọdẹ, ni Stephen ń pè ní ojo? Mo fa rọ́bà, mo ta.

Ó kọjá. "Agnes!" ni wọ́n pariwo. Ìgbà náà ni a gbọ́ igbe Màríámù.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ ni. Àwọn dókítà gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojú náà kò ríran mọ́. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n di híjáàbù ọmọ wọn mú, tí wọ́n ń sọ pé, "Ọmọ mi ń ránṣọ. Ọmọ mi ń ránṣọ." Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Bàbá mi àgbà náà kò nà mí. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sunkún.

"Àbúrò mi ni Agnes," ni wọ́n wí. "À ń fi ìbọn dánra wò lẹ́yìn oko kòkó wa ní Oǹdó, ó ń gbé omi bọ̀ fún wa. Mi ò bèèrè ẹ̀yìn. Ìbọn mi kọjá àmì, ó sì bá a. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọdẹ ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìbọn tó bá kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹ̀ ń fi àbúrò mi rẹ́rìn-ín, mo dákẹ́."

"Bàbá, ẹ bá ti sọ fún wa."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀."

Wọ́n ti mú Màríámù lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá pè é lórí fóònù, nígbà mìíràn ó máa ń gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibi kùkùté náà kọjá. Àwọn ọmọ kéékèèké ń ta agolo. Òkúta ọ̀kan kọjá, ni wọ́n bá pariwo: "Màríámù! Màríámù ni o!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo sọ ti Agnes, mo sọ ti Màríámù, mo sọ tèmi náà. Mo ní, "Ẹni tó bá pè yín ní ojo, ẹ jẹ́ kó pè yín. Yẹ̀yẹ́ á tán lọ́jọ́ kan. Òkúta tó bá ti kúrò lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè pè é padà."

Èyí tó kéré jù nínú wọn wò mí lójú.

"Àǹtí, ṣé ó ṣì ń ránṣọ?"

"Ó ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i," mo ní, mo sì bú sẹ́kún.