Ikram Kọ̀, Kò Búra

Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, atẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà wà lórí itan mi, mo ń ṣa òkúta inú rẹ̀, nígbà tí Delight sáré wọlé láìbọ́ bàtà. Ọ̀rẹ́ Ikram ọmọ-ọmọ mi ni. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó kó wá láti Èkó wá kọ́lé sí Mowe. Ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ kí àgbà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, orí ìdúró ló ti kí mi.

"Màmá, ẹ dìde! Wọ́n ní Ikram ló jí fóònù Àǹtí Bísí!"

"Ta ló rí i?"

"Ẹnì kankan ò rí i, Màmá. Ó kọ̀ láti búra ni."

Mo gbé atẹ sílẹ̀.

Ọdún 2006 ni. Nígbà náà, ọwọ́ méjì lèèyàn ṣì fi ń mú fóònù. Àǹtí Bísí, tíṣà wọn, fi tirẹ̀ sí ṣáájì ní ọ́fíìsì, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó padà dé, wáyà nìkan ló bá. Ọmọ mẹ́rìnlá nínú kíláàsì àṣekágbá ló ti wọ ọ́fíìsì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ni Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga tó ni iléèwé bá gbé Bíbélì àti Kùránì sórí tábìlì, ó ní kí kálukú wá fọwọ́ lé tirẹ̀, kó sọ pé bí òun bá mọ nǹkan kan nípa fóònù yẹn, kí ọjọ́ méje má bá òun láyé. Àwọn mẹ́tàlá búra. Ó ku Ikram.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ẹni tí kò jalè kì í sá fún ìbúra. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì padà sídìí ìrẹsì mi.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Ikram kò gbà pé Ọlọ́run wà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí tírélà pa Mùsáfírù ọmọ mi, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ní títì márosẹ̀. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọmọ náà dìde láàárín èrò, ó ní, "Dírẹ́bà tó ń sùn nídìí ọkọ̀ ló pa bàbá mi. Kí ẹ má purọ́ mọ́ ẹlòmíì." Láti ọjọ́ náà ni kò ti kírun mọ́. Mo nà án. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi oúnjẹ dù ú nígbà kan, kí Ọlọ́run foríjì mí. Kò yí padà. Ẹ̀yìn náà ni mo wá kíyè sí nǹkan kan: ọmọ yìí kì í parọ́. Bó bá fọ́ àwo, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó àfọ́kù rẹ̀ wá síwájú mi, yóò sì dúró de ohun tí mo bá fẹ́ ṣe. Mo mọ àwọn tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ tí wọn ò lè dán an wò.

Mo wé gèlè, mo gun ọ̀kadà, Delight fò mọ́ ẹ̀yìn mi, ó di iléèwé.

Wọ́n ti mú Ikram dúró sí iwájú ọ́fíìsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò yí i ká bí ẹni ń wòran. Delight ò tiẹ̀ dúró kí èémí rẹ̀ balẹ̀.

"Ikram, jọ̀ọ́. Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé ìwé lásán ni? Fọwọ́ lé ìwé lásán, ká máa lọ sílé!"

"Nítorí pé mi ò gbà á gbọ́ gan-an ni mi ò ṣe lè ṣe é," ni Ikram fèsì. "Bí mo bá búra, mo ti tan Àǹtí Bísí jẹ nìyẹn. Wọ́n á rò pé mo ti fi ẹ̀mí mi dúró, nígbà tí mi ò fi nǹkan kan dúró. Mo ti sọ pé mi ò mú un. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

"Wọ́n á lé ẹ!"

"Kí wọ́n lé mi."

Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n inú ti bí i. Ó kọjú sí gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ búra, ẹ̀rù ọjọ́ méje ló ń bà yín. Bí kò bá sí ẹ̀rù yẹn, gbogbo yín ì bá ti máa jalè."

"Èmi náà, Ikram?" ni Delight béèrè. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Ikram gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga jáde sí wa. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ ti fetí ara yín gbọ́. Ọmọ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ló máa dá a dúró tí kò fi ní jalè?"

Mo wo òun, mo wo Ikram. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn. Ọmọ ní ẹ̀rù nìkan ló ń mú onígbàgbọ́ ṣe rere. Ọ̀gá ní ẹni tí kò ní ẹ̀rù náà kò lè ṣe rere. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe, sà?" ni mo béèrè.

Ó na káàdì ìdánwò tí fọ́tò Ikram wà lára rẹ̀ sókè. "Ìdánwò ìwé mẹ́wàá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá búra, kò ní gba èyí lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Èmi ni n ó búra."

Ariwo sọ. Àáfà Tàjùdéèn tó ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá fò síwájú mi. "Ìyá Mùsáfírù, ẹ má dán an wò! Ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ ò rí i. Ṣé ẹ fẹ́ kú nítorí kèfèrí ni?"

"Tàjù," ni mo wí, "èmi ni mo gbé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, o sì tọ̀ sí mi lára. Má kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kú. Bu omi wá."

Ó bu omi wá. Mo ṣe àlùwàlá níwájú gbogbo wọn, mi ò kánjú. Mo fọwọ́ lé Kùránì.

"Mi ò sí níbi tí fóònù ti sọnù, nítorí náà mi ò ní búra lórí fóònù. Ohun tí mo mọ̀ ni n ó búra lé lórí. Ọmọ yìí kò parọ́ fún mi rí. Ó ní òun ò mú un, mo sì gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tí kò sí lọ́kàn mi ni mò ń sọ, kí ọjọ́ méje má bá mi láyé."

Ikram figbe ta. Ó sáré wá, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá àgbà, kí lẹ ṣe báyìí? Ẹ̀yin gbà á gbọ́ o! Ẹ̀yin gbà á gbọ́!"

Lójú tirẹ̀, ìwé lásán ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lójú tèmi, ẹ̀mí mi ni mo gbé kalẹ̀ yẹn.

"Ṣé ẹ̀rù ló mú mi ṣe é?" ni mo bi í.

Ó mi orí. "Rárá, Ìyá àgbà."

"Kí ló mú mi ṣe é?"

"Èmi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga kó ìwé méjèèjì wọlé. Ó ní, "Bí ẹ bá wá síbí lọ́jọ́ kẹjọ, yóò gba káàdì rẹ̀."

Bí gbogbo àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mọ́ mi lórí nìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi: "Ìyá, ẹ ṣì wà?" Èmi náà á ní, "Mo wà! Ṣé ìyá tìẹ náà wà?" Lọ́jọ́ kẹta, ibà mú mi. Ròkíátù aládùúgbò mi gbé àgbo wá, ó ń wò mí bí ẹni ń wo òkú. Àwọn kan ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ikram ra oògùn wá, ó ń fi aṣọ tútù nù mí lára. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní, "Ìyá àgbà, bí ibà yìí bá pa yín, wọ́n á ní èmi ni olè. Ṣé ẹ rí i pé kò fi nǹkan kan hàn?"

"Mo rí i," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní kú. Mo kọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ó ní òun ti ṣẹ Delight. Òun rò pé bí ẹni ń sá fún ẹgba ni gbogbo wa ṣe ń gbàdúrà. Èmi náà jẹ́wọ́ fún un pé mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá kírun mọ́, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ó jáde lọ bẹ Delight ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn méjèèjì jọ wá jókòó tì mí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo kọ ọ̀kadà. Ara mi ò tíì le, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi gba àárín ọjà. Ikram fẹ́ mú mi lọ́wọ́, mo ní, "Fi mí sílẹ̀, kí wọ́n rí i pé èmi ni mò ń gbé ara mi."

Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga mú káàdì náà jáde. Ó na ọwọ́ sí Ikram, ó ní, "Ọlọ́run ti jẹ́rìí rẹ."

Ọmọ náà lè gbà á kó dákẹ́. Èmi gan-an ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ká ní Ìyá àgbà kú ni, mi ò mú fóònù náà síbẹ̀. Wíwà tí wọ́n wà láàyè kọ́ ló sọ mí di olóòótọ́."

Ọwọ́ ọ̀gá dúró lójú òfuurufú. Ojú rẹ̀ le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa káàdì náà padà.

Mo di etí kejì káàdì náà mú. Látẹ̀yìn wá, ọ̀wọ̀ ọ̀gá ni mo ń fún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo pè é bí ọmọ mi.

"Gbémiga, ìwọ lo dá ọjọ́ méje. Mo búra, mo sì dúró níwájú rẹ. Ọmọ yìí ní òun ò gba ìbúra gbọ́, kò sì fi ṣeré. Ìwọ tó o ní o gbà á gbọ́, ṣé o gbà á gbọ́ lóòótọ́?"

Ó jọ̀wọ́ káàdì náà.

Ikram ṣe ìdánwò, ó sì yege. Títí di òní, a ò mọ ẹni tó mú fóònù Àǹtí Bísí. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá tó búra ni, bóyá ẹlòmíì ló gba ojú fèrèsé wọlé. Ikram kò kírun, èmi ò sì dákẹ́ àdúrà fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́, kó má rò pé ẹni tí kò gbà á gbọ́ kò ní ohun tó dè é mọ́ òtítọ́. Ẹni tí kò gbà á gbọ́, kó má rò pé ẹgba ló ń lé àwa kiri. Ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó dájọ́. Bó sì wù kí wọ́n fi ohun rere hàn yín tó, ẹ má fi ẹnu yín sọ ohun tí kò sí lọ́kàn yín.

Tàjùdéèn ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ẹ̀mí mi dúró fún kèfèrí. Mo ní ọmọ mi ni, olóòótọ́ sì ni. Bó bá tún bi mí lọ́la, n ó tún sọ ọ́ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.