Wákàtí Kan Tí Àlájì Yí Sẹ́yìn

Bí Wiyam ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání ní ṣíṣí, bí ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Zuhayr, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀, gbójú sókè, ó sì gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó ní òun ò gbà mí láàyè."

"Irú ẹ kọ́! Ta ló láyà bẹ́ẹ̀?" Zuhayr bi í.

Wiyam ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, kì í sì í ṣe tààwẹ̀ nìkan. Láti ilé wọn ní Tetuan, ní Mòrókò, ló ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan lókè òkun láti ṣiṣẹ́, èyí sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí kò tíì wọlé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ sì ti búra pé bíṣẹ́ bá bọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní Wazzan ni yóò lọ máa gbé.

Zuhayr yẹ orúkọ tó fi ń wọlé wò, ó pé. Ó yẹ fáìlì kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà ńlá náà fi ń dá a mọ̀ wò. Kò sí ẹlòmíì tó lè kà á. Ó wá ku nọ́ńbà mẹ́fà tí fóònù rẹ̀ ń mú jáde, tó ń yí padà níṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Wiyam tẹ̀ ẹ́. *A kò gbà ọ́ láàyè.*

"Mo gbé!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Má sunkún, arẹwà." Zuhayr gba fóònù náà, ó rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi yí aago rẹ̀. "Ta ló yí aago fóònù ẹ?"

"Bàbá mi ni. Bí ìjọba bá ti ní ká yí aago sẹ́yìn ní wákàtí kan torí ààwẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń yí gbogbo aago ilé, títí kan fóònù mi."

"Áà! Ojú lásán ni aago náà pé; nínú fóònù, wákàtí kan ló fi sẹ́yìn. Nọ́ńbà wákàtí tó ti kọjá ló ń fún ẹ."

Ó jẹ́ kí fóònù mú aago fúnra rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́wàá lù. Wiyam tẹ nọ́ńbà tuntun, ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ńlá náà sì ṣí.

Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Wiyam fúnra rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ohun tí Zuhayr rí fún Àlájì, bàbá rẹ̀. Ojú Àlájì yí padà.

"Ó ní èmi ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́? Kó má tẹ ilé mi o!"

Zuhayr tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn Ìtúnu ààwẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ gbé wàrà, dàbínù àti ṣúgà olórí ṣóńṣó wá tọrọ Wiyam, bí àṣà ibẹ̀. Ọ̀la ni aago yóò padà sí bó ṣe wà. Àlájì jókòó níwájú wọn. Tíì ń tutù nínú ife.

Àlájì dìde. Ó kó gbogbo aago ilé sórí tábìlì, ó yí wọn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá. Nígbà tó kan fóònù Wiyam, ó tì í síwájú Zuhayr.

"Yí i."

"Tèyí á yí ara ẹ̀, Bàbá."

"Ẹni tó ni ín ńkọ́? Ṣé òun náà á máa tọ́jú ara ẹ̀ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Àlájì wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, bí bàbá tó gbà láti fọmọ fọ́kọ ṣe ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká ka Fátíhà."